Èmi Ni Mo Pa Ẹjọ́ Wa

Láti ìgbà tí ẹjọ́ ilé iṣẹ́ wa ti parí, ọ̀rọ̀ kan náà ni mo ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá bi mí. Mo ń sọ fún wọn pé páténtì kò wúlò ní Nàìjíríà, pé adájọ́ kò mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńsọ̀, pé ẹni tí owó rẹ̀ pọ̀ jù ló jàre. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe ẹ̀rọ gbà mí gbọ́, nítorí wọ́n mọ̀ pé ojú mi ló ṣe. Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ Àkúrẹ́, ṣe ẹ̀rọ kan tó ń wọn ooru inú ilé òròmọdìẹ, tó sì máa ń pe ẹni tó ni wọ́n lórí fóònù kí ooru tó pa wọ́n. Ó bi mí bóyá kí òun lọ gba páténtì kí òun tó gbé e jáde. Mo ní kó má wulẹ̀ fi owó ṣòfò. Ó gbọ́ tèmi, ó gbé e jáde bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn sì ti ń ṣe é tà báyìí láìfún un ní kọ́bọ̀.

Irọ́ ni mo pa fún un. Ilé ẹjọ́ kò rẹ́ wa jẹ, òfin kò sì já wa kulẹ̀. Èmi tí mo forúkọ ẹ̀rọ wa sílẹ̀, tí mo gbé ẹjọ́ lọ, èmi náà ni mo ba ẹjọ́ ọ̀hún jẹ́ kí adájọ́ tó gbọ́ ọ. Mo fẹ́ sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ láìbo ẹnu, torí ọ̀rọ̀ tí mo bò mọ́lẹ̀ ló kó gbogbo wa sí wàhálà.

Ìròyìn kan tó jáde ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ló ká mi mọ́. Ní ilé ẹjọ́ kan ní California, ní Amẹ́ríkà, àwọn ará ìlú tí wọ́n yàn láti bá ilé ẹjọ́ dájọ́ ní kí Apple san mílíọ̀nù 634 dọ́là fún Masimo, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe sẹ́ńsọ̀ tó ń wọn afẹ́fẹ́ ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀. Páténtì kan ṣoṣo ni ẹjọ́ náà dá lé, Apple sì ní òun máa pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Bí ìròyìn náà ṣe dé orí WhatsApp àwa oníṣẹ́ ẹ̀rọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀: "Àwọn ará ibẹ̀ ló ń rí irú ẹ̀ ṣe. Ẹ bi Ẹnjiníà, àwọn gbìyànjú ẹ̀ níbí, kí ni wọ́n rí?" Wọ́n ń retí kí n tún irọ́ mi sọ. N kò lè sọ ọ́ mọ́.

Ẹni tó bá ń fi jẹnẹrétọ̀ ṣiṣẹ́ ní ilẹ̀ wa mọ bí epo dísẹ̀lì ṣe ń rìn lóru. Wọ́n á ra epo kún táǹkì ní ọjọ́ Ajé, tó bá fi máa di Ọjọ́rú ó ti dé ìdajì, bẹ́ẹ̀ sì ni iná ìjọba ò fi bẹ́ẹ̀ lọ. Wọ́n á bi mégádì, á ní jẹnẹrétọ̀ ló mu ún. Wọ́n á bi ẹni tó ń tan jẹnẹrétọ̀, òun náà á nawọ́ sí mégádì. Ọ̀pá tí wọ́n ń tì bọ inú táǹkì láti wọn epo, ọwọ́ àwọn méjèèjì náà ló ń gbé.

Iṣẹ́ tiwa ni pé ká fi sẹ́ńsọ̀ rọ́pò ọ̀pá yẹn. A máa ń de ẹ̀rọ kékeré kan mọ́ òkè táǹkì, á máa rán ìró tí etí ènìyàn kò lè gbọ́ sísàlẹ̀. Ìró náà á kan ojú epo, á padà sókè, ẹ̀rọ á sì fi bó ṣe pẹ́ tó kó tó padà mọ ibi tí epo wà. Ó rọrùn létí, àmọ́ ooru máa ń dà á rú. Bí afẹ́fẹ́ bá fi ìwọ̀n Celsius kan gbóná sí i, ìró á fi nǹkan bíi 0.6 mítà yá sí i ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Lọ́sàn-án gangan, táǹkì irin tó dúró sínú oòrùn Ìbàdàn lè fi ìwọ̀n mẹ́wàá gbóná ju ti òwúrọ̀ lọ. Bí ojú epo bá jìn sí ẹ̀rọ ní mítà kan, ìyẹn nìkan lè mú kí ẹ̀rọ ṣì í wọ̀n pẹ̀lú nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì. Nínú táǹkì tó gùn ní mítà méjì, tó fẹ̀ ní mítà kan, sẹ̀ǹtímítà méjì tó lítà 40. Lọ́sàn-án, á dà bíi pé epo ń pọ̀ sí i fúnra rẹ̀. Bí ilẹ̀ bá tutù lálẹ́, á dà bíi pé wọ́n jí i. Irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ á kó aláìṣẹ̀ sí àtìmọ́lé.

A fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan sí ibi tí a ti mọ bó ṣe jìn tó, kí ìró kọ́kọ́ kàn án, kí ẹ̀rọ fi mọ bí ìró ṣe ń yá tó ní wákàtí yẹn. Àwọn mìíràn ti ń ṣe ìyẹn ṣáájú wa. Ohun tó jẹ́ tiwa ni sẹ́ńsọ̀ kejì tí a fi sínú ẹ̀rọ kan náà, tó ń gbọ́ bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń gbọ̀n láti ara páìpù tó ń gbé epo lọ. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀ tí páìpù sì ń gbọ̀n, jẹnẹrétọ̀ ló ń mu ún. Bí epo bá ń lọ sílẹ̀ tí páìpù dákẹ́, ènìyàn ló ń fà á. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí mo kọ́ níṣẹ́, tó ti di alábàáṣiṣẹ́ mi nígbà náà, tún wá fi nǹkan lé e lẹ́yìn náà. Òun ló ṣàkíyèsí pé bí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn jẹnẹrétọ̀ ṣe ń wúwo sí i ni gbígbọ̀n rẹ̀ ń yí padà. Ó jókòó ti oríṣiríṣi jẹnẹrétọ̀ lóru, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀, títí ó fi lè wo bí páìpù ṣe ń gbọ̀n kó sì sọ iye lítà tó yẹ kí ẹ̀rọ náà mu ní wákàtí kan. Pẹ̀lú ìyẹn, kódà bí ẹnìkan bá ń fa epo nígbà tí jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, a ó mọ̀.

Kí ó tó fi ìyẹn kún un ni mo ti ṣe àṣìṣe mi àkọ́kọ́. Àwọn tó ń ta jẹnẹrétọ̀ àti àwọn tó ń gbé epo fún ilé iṣẹ́ ṣe ìpàtẹ kan ní Ìkẹjà, wọ́n sì fún wa ní àyè tábìlì kan. Alábàáṣiṣẹ́ mi bẹ̀ mí kí a tó gbéra. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ìwé páténtì sílẹ̀ ní Àbújá ná. Tí a bá tilẹ̀ máa lọ, ẹ jẹ́ ká fi ohun tó ń ṣe hàn wọ́n, ká má fi bó ṣe ń ṣe é hàn wọ́n." Mo ní kó fọkàn balẹ̀, mo ti kà á pé ènìyàn ní ọdún kan gbáko lẹ́yìn tó bá ti fi ìhùmọ̀ rẹ̀ han gbogbo ayé kó tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Òótọ́ ni mo kà. Òfin Amẹ́ríkà ni mo kà. Òfin tiwa, èyí tí wọ́n ṣe ní ọdún 1970, kò fún ènìyàn ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tó bá ti hàn sí gbogbo ènìyàn níbikíbi láyé kí a tó fi ìwé sílẹ̀ kì í ṣe tuntun mọ́, ohun tí kì í bá ṣe tuntun kò sì lè gba páténtì. Ìyọ̀ǹda kan ṣoṣo tó wà nípa ìpàtẹ ni ti àgbáyé tí ìjọba fọwọ́ sí, ìyẹn náà kò sì ju oṣù mẹ́fà lọ. Ìpàtẹ Ìkẹjà kì í ṣe irú rẹ̀. Ojú ìwé díẹ̀ ni òfin náà. Mi ò kà á.

Lọ́jọ́ náà, ọkùnrin kan wá síwájú tábìlì wa, ó ní, "Ọ̀gá, báwo ló ṣe mọ̀ pé jẹnẹrétọ̀ ló mu epo, tí kì í ṣe pé wọ́n jí i?" Àwọn ènìyàn ti pé jọ. Ìbéèrè yẹn dùn mọ́ mi, nítorí òun gan-an ni gbogbo làálàá wa dá lé. Mo tú ìdérí ẹ̀rọ náà. Mo fi sẹ́ńsọ̀ kejì hàn wọ́n, mo fi ibi tó ti ń fara kan páìpù hàn wọ́n, mo ṣàlàyé bí ó ṣe ń fi ti òkè wé ti ìsàlẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn òṣìṣẹ́ wa ń fi fóònù ya fídíò rẹ̀. Nígbà tí a délé, mo fọwọ́ ara mi gbé e sórí Facebook ilé iṣẹ́ wa. Inú mi dùn sí iye ènìyàn tó wò ó.

Oṣù bíi mélòó kan lẹ́yìn náà ni a tó fi ìwé sílẹ̀, wọ́n sì fún wa ní páténtì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní páténtì ní ilẹ̀ wa kì í yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ìhùmọ̀ jẹ́ tuntun lóòótọ́. Bí ìwé bá ti pé, tí owó sì ti wọlé, wọ́n á fún ènìyàn. Òfin tiẹ̀ sọ ọ́ kedere pé ọrùn ẹni tó gbà á ló wà, pé ìjọba kò fọwọ́ sọ̀yà pé ó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Ohun tó bá wà lẹ́yìn ìwé náà ni agbára rẹ̀. Àwa kọ́ ọ sára ògiri, a sì rò pé ó ti parí.

Nígbà tó yá, ilé iṣẹ́ kan tó tóbi jù wá lọ gbé ẹ̀rọ tiwọn jáde. A wá ọ̀kan rà, a tú u. Ìró lókè, gbígbọ̀n nísàlẹ̀, ara páìpù kan náà, ibi kan náà. Inú bí mi débi pé n kò lè jẹun. Agbẹjọ́rò wa, obìnrin kan tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ níṣẹ́, kọ lẹ́tà sí wọn. Wọ́n dá a padà pé àwọn kò gbà pé àwọn ṣẹ̀, àmọ́ kí àlàáfíà lè jọba, àwọn ṣetán láti máa san iye kan fún wa lórí ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan tí àwọn bá tà. Alábàáṣiṣẹ́ mi ní ká gbà á. Mo ní n kò ní bá olè pín ẹrù mi.

Agbẹjọ́rò pè wá sí ọ́fíìsì rẹ̀ kó tó dáhùn. Ó ti bọ́ awò ojú rẹ̀ kalẹ̀. Ó ní, "Ẹnjiníà, ohun kan wà tí mo gbọ́dọ̀ mọ̀ kí n tó fọwọ́ sí ìwé ẹjọ́ kankan. Kí ẹ tó forúkọ ẹ̀rọ yìí sílẹ̀, ṣé ẹ ti fi í hàn níbì kan rí? Ṣé ẹ kọ nípa rẹ̀, tàbí ẹ tà á fún ẹnikẹ́ni?"

Ìpàtẹ Ìkẹjà sọ sí mi lọ́kàn lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀ pé bí ó bá ń béèrè, ó nídìí. Mo sì rò ó pé bí mo bá sọ òótọ́, á ní ká lọ gba owó tí wọ́n fi lọ̀ wá, á sì dà bíi pé mo tẹ́. Mo ní, "Rárá o, lọ́yà. Kò sí níbì kankan."

Alábàáṣiṣẹ́ mi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ó wo ojú mi, ó sì sọ orí kọ́. Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ni, kò ní já ẹ̀gbọ́n rẹ̀ nírọ́ níwájú àlejò, mo sì mọ̀ pé kò ní ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ tí àwọn òbí rẹ̀ kọ́ ọ ni mo fi bo irọ́ mi mọ́lẹ̀. Nígbà tí a bọ́ síta, ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, fídíò yẹn ńkọ́?" Mo ní kó má dààmú. Alẹ́ ọjọ́ náà ni mo pa fídíò náà rẹ́ lórí Facebook. Ní àárọ̀ ọjọ́ mélòó kan sí i, mo búra sórí ìwé pé ẹnikẹ́ni kò rí ẹ̀rọ náà kí a tó forúkọ rẹ̀ sílẹ̀.

Bí mo bá ti mọ̀ bí irú ẹjọ́ yìí ṣe ń lọ ni, n kì bá tí dán an wò. Ẹ wo ti Masimo tí gbogbo wa ń sọ. Joe Kiani dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní ọdún 1989. Ẹ̀rọ tí wọ́n ń há mọ́ ìka aláìsàn ti wà ní ilé ìwòsàn nígbà náà: iná pupa kan àti iná mìíràn tí ojú kò rí á gba inú ẹran ìka kọjá, ẹ̀rọ á sì fi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe fa ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn mu tó mọ iye ọ́síjìn tó wà nínú rẹ̀. Àmọ́ bí aláìsàn bá ti mira, tàbí tí ẹ̀jẹ̀ kò bá ṣàn dé ìka rẹ̀ dáadáa, ẹ̀rọ á máa ka ìkàkukà. Masimo wá ọ̀nà tí ẹ̀rọ á fi ka ìwọ̀n tòótọ́ nígbà tí ara bá ń mì, wọ́n sì ń gbèjà ọ̀nà yẹn láti ìgbà náà. Ní ọdún 2006, Nellcor tí wọ́n jọ ń du ọjà gbà láti san mílíọ̀nù 330 dọ́là fún wọn.

Nígbà tí Apple gbé aago Series 6 jáde ní ọdún 2020, tó ń wọn ọ́síjìn láti ọrùn ọwọ́, Masimo gba iwájú ìgbìmọ̀ ìjọba Amẹ́ríkà tó lè dí ọjà òkèèrè lọ́nà lọ ní ọdún 2021. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023, ìgbìmọ̀ náà dá Masimo láre. Láti oṣù kìíní ọdún 2024, Apple ní láti yọ iṣẹ́ wíwọn ọ́síjìn kúrò nínú àwọn aago tuntun tó ń tà ní Amẹ́ríkà. Ọdún 2025 ló tó dá a padà, lọ́nà mìíràn, tó fi jẹ́ pé inú iPhone ni ìṣirò ti ń wáyé dípò inú aago.

Ìṣẹ́gun yìí ni àwọn ènìyàn máa ń kà. Wọn kì í ka ohun tí Masimo là kọjá kó tó dé ibẹ̀. Páténtì márùn-ún ni wọ́n gbé síwájú ìgbìmọ̀ náà, méjì péré ló dúró. Apple kó ọ̀pọ̀ páténtì wọn lọ sí ọ́fíìsì páténtì Amẹ́ríkà, ó ní kò yẹ kí wọ́n ti fún wọn rárá, wọ́n sì fagi lé nínú wọn. Ẹni tó bá gbé páténtì dé ilé ẹjọ́, páténtì yẹn gan-an ni wọ́n á kọ́kọ́ bá ṣẹjọ́. Wọ́n á wá ìwé àtijọ́, wọ́n á wá àwòrán, wọ́n á wá ẹni tó mọ ẹni tó rí i. Bí ìṣòro bá wà níbẹ̀, owó ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́ ló máa wá a jáde. Ẹni tó bá fẹ́ dúró níbẹ̀, agbẹjọ́rò rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ibi tí ara ń ta á kí alátakò tó fọwọ́ kàn án. Tèmi kò mọ̀, nítorí èmi kò jẹ́ kó mọ̀.

Ilé ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ló ń gbọ́ ẹjọ́ páténtì ní ilẹ̀ wa. Ilé iṣẹ́ tí a pè lẹ́jọ́ dáhùn, wọ́n sì pe tiwọn lé e lórí: wọ́n ní kí adájọ́ fagi lé páténtì wa nítorí kì í ṣe tuntun. Mo ṣì ń sọ fún ara mi pé wọn kò ní ẹ̀rí. Ọjọ́ tí mo bọ́ sínú àpótí ẹlẹ́rìí, agbẹjọ́rò wọn kò gbóhùn sókè sí mi. Ó kọ́kọ́ ní kí n ka ohun tí mo búra lé lórí, mo kà á. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tan ẹ̀rọ.

Ẹnìkan ti gba fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà rẹ̀ tipẹ́tipẹ́. Wọ́n ti ṣe ìwé ẹ̀rí tí Òfin Ẹ̀rí ọdún 2011 ń béèrè fún ohun tó bá ti inú kọ̀ǹpútà wá, ọjọ́ tí mo gbé e sórí Facebook sì wà níbẹ̀ kedere. Gbogbo ilé ẹjọ́ gbọ́ mi: "Ẹ sún mọ́ ọn, ẹ wò ó dáadáa. A ò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín." Ọwọ́ tó ń tú ìdérí ẹ̀rọ, ọwọ́ mi ni. Òrùka ìgbéyàwó mi wà níbẹ̀.

Ó ní, "Ẹnjiníà, ohùn ta nìyẹn?"

Mo yíjú sí adájọ́. Mo ní, "Ohùn mi ni, Olúwa mi."

Agbẹjọ́rò wa kò wo ibi tí mo wà. Nígbà tí wọ́n sún ẹjọ́ síwájú, ó bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì sọ pé òun ní láti yọwọ́ nínú ẹjọ́ náà, nítorí òun ti gbé ọ̀rọ̀ tí kì í ṣe òótọ́ síwájú adájọ́ lórúkọ mi. Ohun tó sọ tẹ̀ lé e ló ń jẹ mí lọ́kàn títí dòní. Ó ní, "Ká ní ẹ sọ fún mi lọ́jọ́ yẹn ni, ǹ bá ní kí ẹ gba owó tí wọ́n fi lọ̀ yín. Ká ní ẹ tilẹ̀ sọ fún ẹni tó kọ ìwé páténtì yín kó tó kọ ọ́, kì bá ti béèrè ẹ̀tọ́ lórí ohun tí ẹ ti fi hàn. Ohun tí àbúrò yín ṣe lẹ́yìn ìpàtẹ ni ì bá kọ."

Òótọ́ ni. Ìmọ̀ alábàáṣiṣẹ́ mi, ti pé láti ara bí páìpù ṣe ń gbọ̀n ni a ti lè mọ iye epo tó yẹ kó lọ, kò sí nínú fídíò náà rárá. Tuntun ni lọ́jọ́ tí a fi ìwé sílẹ̀. Àmọ́ nítorí pé mo fẹ́ kí gbogbo ẹ̀rọ náà jẹ́ tiwa látòkè délẹ̀, a kọ ìwé náà gbòòrò. A mẹ́nu ba tirẹ̀ nínú àlàyé, a kò béèrè ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀ lọ́tọ̀. Bí ohun tí mo fi hàn ṣe wó, tirẹ̀ wó tẹ̀ lé e. Ohun tí òun fi òru rẹ̀ wá rí di ohun tí ẹnikẹ́ni lè kà nínú ìwé páténtì wa, kó sì lò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Adájọ́ fagi lé páténtì náà, ó sì ní ká san owó ẹjọ́ fún wọn. Mo ti ka ìdájọ́ rẹ̀ ní àkàtúnkà. Ó mọ ohun tó ń jẹ́ sẹ́ńsọ̀. Ó ṣàlàyé rẹ̀ yéni ju bí mo ṣe ṣàlàyé rẹ̀ lọ.

A ta ilẹ̀ tí bàbá wa fi sílẹ̀ ní Mọ́níyà láti san gbèsè. Àbúrò mi obìnrin ní ìpín nínú ilẹ̀ náà, ó sì fọwọ́ sí i láìbi mí ní ìbéèrè kankan, nítorí ó gbà pé wọ́n rẹ́ mi jẹ ni. A dá àwọn òṣìṣẹ́ wa sílẹ̀. Alábàáṣiṣẹ́ mi fi ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀. Kò bú mi, kò sì fi mí sùn fún ẹnikẹ́ni. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo ní láti wá iṣẹ́ mìíràn ṣe," ó sì dọ̀bálẹ̀ kó tó jáde. Àwọn ìbátan wa ń bá mi dárò olè tó kó wa lẹ́rù lọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa dárò bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan tó gbọ́n jù mí lọ ti pàdánù lọ́nà tó jọ èyí, láìpa irọ́ kankan. Takuo Aoyagi, ará Japan, ló ronú kan ọgbọ́n tí gbogbo ẹ̀rọ orí ìka yẹn fi ń ṣiṣẹ́, ìyẹn láti fi bí ìṣàn ẹ̀jẹ̀ ṣe ń sọ kúlúkúlú mọ iye ọ́síjìn inú rẹ̀. Nihon Kohden, ilé iṣẹ́ tó ń bá ṣiṣẹ́, fi ìwé sílẹ̀ ní Japan ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 1974. Ní ọjọ́ 24 oṣù kẹrin ọdún kan náà, Minolta, ilé iṣẹ́ mìíràn, fi ìwé tiwọn sílẹ̀ lórí irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀. Ọjọ́ 26 ló wà láàárín wọn, Japan sì tìtorí ẹ̀ kọ ti Minolta. Ṣùgbọ́n Nihon Kohden kò fi ìwé sílẹ̀ lókè òkun, Minolta sì gba páténtì tirẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Nígbà tí Aoyagi kú ní oṣù kẹrin ọdún 2020, ní ẹni ọdún 84, àrùn kòrónà ti jẹ́ kí gbogbo ayé máa wá ẹ̀rọ orí ìka náà kiri. Ọjọ́ tí ènìyàn fi ìwé sílẹ̀, àti ibi tó fi í sílẹ̀ sí, lè ju làálàá gbogbo ayé rẹ̀ lọ lójú òfin.

Mo ti lọ bá ọmọ Àkúrẹ́ yẹn. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì tọrọ àforíjì. A jọ lọ rí agbẹjọ́rò kan, òun ló jẹ́ kó yé wa pé ohun tó ti tà ti lọ, àmọ́ pé àtúnṣe tó ń ṣe sí i lọ́wọ́ báyìí, tí kò tíì hàn sí ẹnikẹ́ni, ṣì lè gba páténtì. Ó ti fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀. Mo ti sọ fún àbúrò mi obìnrin náà. Ó sunkún, ó sì bínú, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i. Alábàáṣiṣẹ́ mi ni mo kọ́kọ́ fi ọ̀rọ̀ yìí hàn, òun ló ní kí n má yọ ohunkóhun kúrò nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí mo ti sọ fún pé páténtì kò wúlò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá ọ̀rọ̀ yẹn padà fún mi. Ẹ fi ìwé sílẹ̀ kí ẹ tó ya fídíò, kí ẹ tó tà á, kí ẹ tó pàtẹ rẹ̀. Bí ẹ bá fi í sílẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹ ní oṣù 12 láti fi í sílẹ̀ ní ilẹ̀ mìíràn tó wà nínú àdéhùn àgbáyé kan náà pẹ̀lú Nàìjíríà, kí ọjọ́ àkọ́kọ́ yín sì dúró. Bí ẹ bá gbọ́dọ̀ ṣàlàyé rẹ̀ fún ẹni tó fẹ́ dáwó lé e, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ tọwọ́ bọ̀wé pé òun kò ní sọ ọ́ síta. Ẹ máa kọ iṣẹ́ yín sínú ìwé, kí ọjọ́ wà lára rẹ̀, kí orúkọ ẹni tó ronú kan ohun kọ̀ọ̀kan sì wà níbẹ̀. Tí ẹ bá sì ti fi í hàn kí ẹ tó kà mí, ẹ lọ sọ fún agbẹjọ́rò yín lónìí. Ó lè ṣàtúnṣe sí ohun tó bá mọ̀. Irọ́ tí ẹ bá pa fún un, iwájú adájọ́ ló ti máa gbọ́ òótọ́ rẹ̀, lẹ́nu ẹni tí ẹ pè lẹ́jọ́.